Àtàǹpàkò mi fẹ́ bó tán lórí mágásíìnì Glock: ṣé kí n ra speed loader ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn tí gíríìnì káàdì mi jáde ni mo ra ìbọn ìléwọ́ Glock 17. Ìbọn fúnra rẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu, ìró rẹ̀ ò já mi láyà mọ́. Kíkó ọta sínú mágásíìnì, àpótí kékeré tó ń gba ọta ìbọn, ló ń fi ìyà jẹ mí. Ọta 17 ló ń gbà. Àwọn àkọ́kọ́ á wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ tó bá ti ku mẹ́rin tàbí márùn-ún, sípíríǹgì á bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà, etí irin á máa gé mi ní àtàǹpàkò. Wákàtí wákàtí ni réńjì, ibi ìdánrawò ìbọn yíyìn tí mo ń lọ, fi ń gbowó, mo sì ń fi ìdajì rẹ̀ jókòó ti ọta tẹ́ẹ́rẹ́. Òyìnbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa nǹkan dúdú kan yọ nínú báàgì rẹ̀, kí n tó mọ̀ ó ti kó tirẹ̀ kún. Ó ní speed loader ni, lódà tí wọ́n fi ń tètè kó ọta sí mágásíìnì. Ṣé kí n ra ọ̀kan, àbí àwọn èèyàn á máa pè mí ní ọ̀lẹ? Bí ó bá yẹ kí n rà á, èwo ni? Ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ.

Bàbá Bọ́lá, Dallas

Ọmọ mi, ta ni yóò pè ọ́ ní ọ̀lẹ? Ṣé àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń wọn akin ni?

Kọ́kọ́ padà lọ yẹ páálí tí ìbọn náà bá wá wò. Glock máa ń fi lódà kékeré kan sínú rẹ̀, ike dúdú lásán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé ìdérí nǹkan kan ni, wọ́n á dà á nù mọ́ ọ̀rá. Orí mágásíìnì ni wàá fi í wọ̀, wàá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á ti ọta tó wà lókè wálẹ̀, ìwọ á sì ki èyí tó kàn sí àyè tó ṣí. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé agbára àtàǹpàkò náà lo ṣì ń lò. Ó kàn ń gba ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni.

Èyí tí òyìnbó yẹn yọ, bí ó bá dúdú tó sì tó àtẹ́lẹwọ́, UpLULA ló máa jẹ́. Ilé-iṣẹ́ maglula ní Ísírẹ́lì ló ń ṣe é. Ọ̀kan ṣoṣo ń bá ọta 9mm ṣiṣẹ́ títí dé .45, kò sì béèrè ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìbọn rẹ. Imú kan wà nínú rẹ̀ tó ń ti ọta òkè wálẹ̀. Àyè á ṣí, wàá ju ọta tuntun sí i, imú náà á fà sẹ́yìn bí o bá ṣe ń gbé e sókè, ọta á sì jókòó sábẹ́ ètè mágásíìnì. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lo fi ń ṣe é, àtàǹpàkò ò dá iṣẹ́ náà ṣe mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ á máa ṣìnà, ọta á máa já bọ́ sílẹ̀, àwọn tó wà nítòsí á máa wò ọ́. Kò pẹ́ tí á fi mọ́ ọ lára, ó máa ń dà bí ìgbà tí obìnrin méjì bá ń gún iyán nínú odó kan: gbé sókè, ju ọta, tẹ̀, gbé sókè.

Ìdí mágásíìnì gbọ́dọ̀ dúró lórí tábìlì o. Má gbé e lé itan. Itan máa ń rì, tábìlì kì í rì, agbára rẹ á sì lọ síbi tó yẹ kó lọ.

Alágbára Ọwọ́

Ẹ̀yin èèyàn yìí ń ṣe fàájì. Àwọn tó ń lo ìbọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ti ọta. Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí awọ àtàǹpàkò á fi le. Ọjọ́ tí o bá gbàgbé lódà sílé ńkọ́?

Ayọ̀ Baltimore

@Alágbára Ọwọ́, tí èèyàn bá gbàgbé lódà sílé, ó á fi ọwọ́ tì í lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ẹjọ́ nìyẹn? Àmọ́ o sọ òótọ́ kan: ó yẹ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ṣe é. Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo àtàǹpàkò, bí wọ́n ṣe ń dì í mú ni ò tọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń bá wa jà ná. Nínú mágásíìnì Glock, ìlà méjì ni ọta fi ń tò. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ òkè, ìlà méjì yẹn gbọ́dọ̀ di ìlà kan, torí náà ètè rẹ̀ fún. O ò lè tẹ ọta wọlé tààrà láti òkè, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kó tó lọ sẹ́yìn. Mágásíìnì ráífù AR-15 ò rí bẹ́ẹ̀. Ètè tirẹ̀ fẹ̀, ọta kan á jáde lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, wàá kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé ni. Ìdí nìyẹn tí mágásíìnì ọta 30 ti ráífù fi máa ń rọrùn fún àtàǹpàkò ju ti ìbọn ìléwọ́ lọ.

Bó o ṣe máa ṣe é láìsí lódà rèé. Àtàǹpàkò ọwọ́ tó di mágásíìnì mú ni kó tẹ ìdí ọta tó ti wà nínú rẹ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ kejì á wá fi ọta tuntun wọ iwájú, á rọra tì í sẹ́yìn títí ìdí rẹ̀ á fi kan ògiri ẹ̀yìn. Ọwọ́ méjèèjì pín iṣẹ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tẹ ọta wálẹ̀ tí wọ́n tún fi ń tì í sẹ́yìn. Kò sí bí kò ṣe ní bó.

Lọ́dọ̀ wa ní Maryland, wọn ò gbọ́dọ̀ ta mágásíìnì tó ju ọta 10 lọ fún wa. Glock 19 tí wọ́n ṣe fún ọta 15 níbòmíràn, ọlọ́ta mẹ́wàá ni tiwa. Nítorí náà lódà ò jẹ́ kòṣeémánìí fún mi, ibi tí sípíríǹgì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú ni wọ́n ti ní kí n dúró. Ẹ̀yin ará Texas ni ẹ ń jayé, kí ẹ sanwó rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò yín.

Bàbá Bọ́lá, Dallas

Ha ha! Ayọ̀, àwa náà ti jẹ nínú rẹ̀ rí. Láti 1994 sí 2004, gbogbo Amẹ́ríkà ni òfin ọta 10 yẹn ká mọ́, fún mágásíìnì tuntun. Nígbà tí Colorado gbé òfin ọta 15 kalẹ̀ lọ́dún 2013, Magpul tó ń ṣe mágásíìnì níbẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ilé ìṣe-nǹkan lọ sí Wyoming, olú-iléeṣẹ́ wá sí Texas níbí.

Tùndé Atlanta

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ìdíje ìbọn yíyìn USPSA ni mo máa ń lọ. Níbẹ̀, abala kan lè béèrè ọta 32, abala sì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Láàárín abala kan sí èkejì, gbogbo èèyàn ló ń kó ọta sí mágásíìnì. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnikẹ́ni. Lódà wà ní báàgì gbogbo wọn, títí kan àwọn ọ̀gá tó máa ń gba ipò kìíní. Ẹ̀gbọ́n Alágbára, ẹ wá sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìdíje. Tábìlì kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fífọwọ́ kan ìbọn. O lè yọ ìbọn rẹ níbẹ̀, kí o nù ún, kí o fi sínú àpò ìgbàdí. Ṣùgbọ́n o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọta kankan níbẹ̀, kódà ọta àfarawé tí kò lẹ́tù. Tí wọ́n bá bá ọ níbẹ̀ tí ò ń kó ọta sí mágásíìnì, ilé ni wàá lọ lọ́jọ́ yẹn. Ibòmíràn ni wàá ti kó ọta, pẹ̀lú ìbọn nínú àpò tí o kò fọwọ́ kàn án. Ibi tí ìbọn wà, ọta ò sí. Ibi tí ọta wà, ìbọn ò jáde. Mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an, mo sì máa ń tẹ̀ lé e nílé pẹ̀lú.

Ní ti ráífù: tí o bá ní AR-15, lódà LULA tirẹ̀ yàtọ̀ sí UpLULA. Ó ń kó ọta sínú, ó sì ń tú u jáde, èyí sì ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò. Bí o bá ti fẹ́ tú mágásíìnì ọta 30 pẹ̀lú ọwọ́ rí, ohun tí mò ń sọ yé ọ. Ọta tí àwọn ológun ń lò sì máa ń wá lórí irin pẹlẹbẹ kan, mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọ́n á fi irin kékeré kan wọ ẹ̀yìn mágásíìnì, wọ́n á gbé irin ọta náà lé e, wọ́n á fi àtàǹpàkò ti mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọlé lẹ́ẹ̀kan. Irin mẹ́ta, mágásíìnì kún. Àwọn mìíràn máa ń dúró ní 28, torí mágásíìnì tó bá kún dẹ́nu máa ń ṣòro láti tì wọ inú ìbọn tí irin ìdènà ẹ̀yìn ilé ọta rẹ̀ (bolt) wà ní títì.

Mo fẹ́ kí gbogbo wa fara balẹ̀ ka èyí tó kàn.

Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ kó ọta, ìka yín ń gbá ọta kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ ó mọ̀ pé ọ̀kan gùn jù, pé ọ̀kan ti tẹ̀, pé orí ọ̀kan ti rì wọnú páànù rẹ̀. Lódà ò ní ìka. Ohunkóhun tó bá gba ẹnu rẹ̀ kọjá, á kó o wọlé. Ẹwà lódà ni yíyára rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ ti ń wá.

Ọta .300 Blackout, wọ́n dìídì ṣe é kó lè lo mágásíìnì AR-15 kan náà pẹ̀lú ọta 5.56 tí AR-15 sábà máa ń lò ni. Ìdí méjèèjì dọ́gba. Lódà á gbà á, mágásíìnì á gbà á, kò sí nǹkankan tó máa kìlọ̀ fún ọ. Àmọ́ orí .300 fẹ̀ tó bíi 7.8mm, ihò ọ̀pá ìbọn 5.56 ò sì ju bíi 5.7mm lọ. Tí ọ̀kan bá ṣèèṣì wọ ilé ọta ìbọn 5.56, tí irin ìdènà ẹ̀yìn rẹ̀ sì tì, tí o fa tírígà, kò sí ibi tí orí yẹn máa gbà jáde. Ìbọn á bú lójú rẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn, àwòrán ìbọn tó fọ́ bẹ́ẹ̀ kún íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní méjèèjì nílé, kó fi àwọ̀ ya mágásíìnì wọn sọ́tọ̀, kó má ṣe da ọta wọn pọ̀ sínú agolo kan láéláé. Tàwọn onìbọn ìléwọ́ náà ń bẹ: 9mm àti .380, fífẹ̀ orí wọn dọ́gba, gígùn ló yàtọ̀, .380 á sì wọ mágásíìnì 9mm láìjanpata.

Kí ọta tó dé ọ̀dọ̀ lódà, ẹ tú u sórí aṣọ funfun, kí ẹ to ìdí rẹ̀ sápá kan, kí ẹ wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ẹ lè máa sáré bó ṣe wù yín.

Àkàndé Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣẹ́yìn ni mo wà, inú ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọta 17, àwa ń bá ṣakabùlà wa yí. Bàbá mi á da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, á fi akísà dí i, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, á da ọta sí i, á tún fi akísà bò ó, á tún kì í. Ẹ̀tù tó pọ̀ jù á fọ́ ọ̀pá, èyí tó kéré jù á jẹ́ kí ẹran rẹ́rìn-ín lọ. Lódà ọdẹ nìyẹn, ọ̀pá ìkìbọn àti sùúrù!

Ṣùgbọ́n lódà kì í ṣe nǹkan òní. Bàbá bàbá mi jagun Bọ́mà, ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ológun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lee-Enfield ni ìbọn wọn. Ọta 10 ló ń gbà, irin kékeré ló sì máa ń to ọta jọ márùn-ún márùn-ún. Wọ́n á fi irin náà wọ ojú ìbọn láti òkè, wọ́n á fi àtàǹpàkò rọ márààrún wọlé pa pọ̀, irin á já sílẹ̀, wọ́n á mú èkejì. Bàbá máa ń fi ìka ṣe é fún wa lórí ẹní, wọ́n á fi èékánná àtàǹpàkò wọ́lẹ̀ gbuurù. Wọ́n ní ohun tí sájẹ́ǹtì máa ń pariwo lé wọn lórí jù ni etí ìdí ọta. Ọta .303 tí Lee-Enfield ń lò létí ní ìdí. Etí ọta tó wà lókè gbọ́dọ̀ wà níwájú ti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tó bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, méjèèjì á gbá ara wọn mú, ìbọn á há, ọ̀tá ò sì ní dúró dè ọ́.

Ìbéèrè mi: ṣé ẹnì kan lè bá mi mú irú UpLULA yìí bọ̀ wá sílé? Mo kàn fẹ́ fi han àwọn ọdẹ ni.

Ṣadé Kent

Bàbá yín yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀kọ́ ọta kékeré .22 tán, wọn ò tilẹ̀ mọ̀! Ọta .22 létí ní ìdí bíi ti .303 náà ni, ìṣòro kan náà ló sì wà níbẹ̀ dòní. Lọ́pọ̀ mágásíìnì .22, bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fà wálẹ̀ kí sípíríǹgì lè rọ̀. Àwọn èèyàn á fà á wálẹ̀ pátápátá, wọ́n á da ọta sí i bí ẹni ń da ẹ̀pà, imú ọta á dojú kọ ibi tó wù ú, etí á gun etí. Tó bá dórí yíyìn, há, há, há. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fà á, ìwọ̀n ọta kan lẹ́ẹ̀kan, kí ọta tó wà lókè má ráyè yí. Lódà .22 tó dára ohun tó ń ṣe nìyẹn: kì í jẹ́ kí bọ́tìnnì sáré ju ọta lọ.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbàgbé Glock. Lẹ́yìn ìpakúpa ilé-ìwé Dunblane ní Scotland lọ́dún 1996, wọ́n fòfin de ìbọn ìléwọ́ lọ́dún 1997. Ráífù .22 ni mò ń lò ní kílọ́ọ̀bù wa, Ruger 10/22, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ló wà lórí rẹ̀. Mágásíìnì rẹ̀ rí rógódó, ọta 10 ló ń yí nínú rẹ̀, ọwọ́ sì tó o láìsí wàhálà. Mo ra lódà fún un nítorí ìtara lásán, inú dúrọ́ọ̀ ló wà.

Olùtọ́jú Ojú-Òpó

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ohun ìbọn bọ báàgì wálé fún yín. Lódà lásán jẹ́ ike, àmọ́ òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó bá rí i á fẹ́ mọ ibi tí ìyókù wà. Ní ti mágásíìnì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ẹ̀yà ara ìbọn mọ́ ìbọn, ó sì to ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú. Ṣakabùlà yín àti ìbọn ọdẹ onípáálí wà ní ìsọ̀rí mìíràn tí ìwé àṣẹ wà fún. Ẹ̀yin tó ń fò láàárín Amẹ́ríkà náà, mágásíìnì ò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí ẹ gbé wọ ọkọ̀ òfúrufú, ì báà ṣófo. Inú ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ló ń lọ, nínú páálí tó dì dáadáa tàbí nínú àpótí líle tí ìbọn tí kò ní ọta wà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní gíríìnì káàdì, kò séwu. Àmọ́ mo mọ̀ pé àwọn tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́ ń ka èyí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà yín láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bí ẹ bá wà lábẹ́ ìyọ̀ǹda bí ìwé àṣẹ ìṣọdẹ tó ṣì lágbára. Ìbọn tí ẹ yá ní réńjì fún wákàtí kan náà wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè yẹn wà nínú fọ́ọ̀mù 4473 tí ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù máa ń fọwọ́ sí, irọ́ lórí ìwé yẹn sì jẹ́ ọ̀ràn fúnra rẹ̀. Ẹ má torí eré ọjọ́ kan fi ìwé ìgbélùú yín ṣe ẹbọ.

Nọ́ọ̀sì Katy

Ẹ ṣeun o, Olùtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ padà sórí ọwọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.

Làkúrègbé wà lọ́wọ́ ọkọ mi, oríkèé àtàǹpàkò rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́. Eré tó fẹ́ràn jù láyé rẹ̀ ló fẹ́ fi sílẹ̀. UpLULA ló dá a padà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń pe lódà ní ọ̀lẹ, ẹ máa rántí pé ọwọ́ gbogbo wa kọ́ ni ọlọ́dún 25. Ẹni tí fífún nǹkan mọ́wọ́ bá sì ń dùn, kó gbìyànjú irú èyí tó ń gbá ọta mẹ́wàá jọ láti inú páálí lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á wá tì í wọ mágásíìnì. Ilé-iṣẹ́ ETS ń ṣe irú rẹ̀. Apá ló ń lò, kì í lo ìka.

Èkejì ni òjé. Ó wà lórí ọta, ó wà nínú èéfín tó ń jáde nígbà tí ẹ bá yìnbọn, ó ń bà lé mágásíìnì, lé lódà, lé ọwọ́ yín. Lódà ò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹ ṣì ń fọwọ́ mú ọta kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó gbá fóònù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ máa nu lódà náà. Ẹ má kó ọta lórí tábìlì tí ẹ ti ń jẹun, ẹ má sì gbé ọmọ kí ẹ tó pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kì í dáríji òjé.

Alágbára Ọwọ́

Mọ̀mọ́, ẹ má bínú, n ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan àwọn tó ń ṣàìsàn. Mo ṣì ń sọ ọ́ pé ọ̀dọ́ kó fọwọ́ tì í. Ìbéèrè kan: wọ́n ní tí mágásíìnì tuntun bá le, kéèyàn kó ọta kún un kó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, sípíríǹgì á rọ̀. Ẹlòmíràn ní ìyẹn á ba sípíríǹgì jẹ́. Èwo ni òtítọ́?

Tùndé Atlanta

Sípíríǹgì tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ tó bá ti lò ó, ìyẹn kì í ṣe ìbàjẹ́. Fífún un àti títú u lemọ́lemọ́ ló ń jẹ ẹ́. Wíwà ní fífún lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, bó bá jẹ́ irin gidi. Kó o kún, tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọmọdé ò ti lè dé, kí o padà sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àtàǹpàkò rẹ á mọ ìyàtọ̀.

Ayọ̀ Baltimore

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú o. UpLULA tòótọ́ tó bíi $30 sí $40. Èyí tí ẹ bá rí ní $9 lórí ayélujára, imú rẹ̀ máa ń ṣẹ́. Lọ́dún 2019, maglula gbé Amazon lọ sílé ẹjọ́ ní Virginia lórí ọ̀rọ̀ ayédèrú yìí. Ṣọ́ọ̀bù ìbọn ni kí ẹ ti rà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á máa bùkún yín. Bàbá Bọ́lá, lódà kékeré yẹn bá ìbọn wá lóòótọ́! Ìyàwó mi ti yọ ọ́ kúrò nínú páálí, ó ń fi í há ìwé mọ́ ara fíríìjì. Mo ti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbìyànjú ọ̀nà ọwọ́ méjì tí ẹ̀gbọ́n Ayọ̀ ṣàlàyé, ó gbé mi dé ọta 15 láìfarapa, lódà Glock sì parí méjì tó kù. Màá ṣì ra UpLULA, torí ìyàwó mi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kéré. Aṣọ funfun tí ẹ̀gbọ́n Tùndé sọ ti wà nínú báàgì. Ìbéèrè ìkẹyìn: ìbọn tí ìyàwó mi fẹ́ jẹ́ rìfọ́fà .38 oníhò mẹ́fà. Ṣé UpLULA á ṣiṣẹ́ fún un?

Bàbá Bọ́lá, Dallas

Rárá, ọmọ mi, rìfọ́fà ò ní mágásíìnì. Lódà tirẹ̀ rí roboto, ó máa ń gbá ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kì í bọ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n á yí kókó tó wà láàárín rẹ̀ bó bá jẹ́ ti HKS, tàbí kí wọ́n tì í wọlé bó bá jẹ́ ti Safariland, gbogbo ọta á já wọlé. Ilé-iṣẹ́ HKS àti Safariland ló ń ṣe é, àmọ́ ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, torí náà kí ó kọ́kọ́ ra ìbọn kí ẹ tó ra lódà. Kọ orúkọ ìbọn náà síbí tó bá ti mú un, màá sọ nọ́ńbà tó bá a mu fún un.